Irin Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tú

                                                  Ilé Kẹtàdínlógún,
                                                  Old Orchard Lane,
                                                  Union City, Georgia.
                                                  Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kejìlá, 2024.

Sùlèímọ́nù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́? Ṣé orúnkún tí ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń fi òróró pa á kí wọ́n tó lè kírun àárọ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde? Ọjà páàtì ọkọ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé owó ọkọ̀ tún ti gbẹ́nu sókè ní Ìbàdàn, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà á kàn máa yẹ páàtì wò ni, wọn ò ní rà á. Kí Ọlọ́run fi èrè sí i fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ara le, a dúpẹ́. Damaris ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa. Olúwafẹ́misí ti wọ yunifásítì, ó ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń fi èdè Òyìnbó dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá a wí. Òtútù ti dé, egungun mi sì ti ń sọ fún mi.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí n kò tẹ̀ ọ́ láago. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, wàá já lu ọ̀rọ̀ mi, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, n ó sì fi ẹ̀rín bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ bò ó. Ọ̀rọ̀ ẹrù tí o fi rán Modinat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, sí mi nígbà tí ó ń bọ̀ wá kàwé ní oṣù Kẹrin náà wà níbẹ̀. O rántí pé o bi mí pé, “Ṣé ó gbà á?” mo sì dá ọ lóhùn pé ó gbà á dáadáa. N ó padà síbẹ̀. Ní sùúrù kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ Eli tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ọ̀gá mi ní ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù gun orí pẹpẹ, òun náà ló kọ́kọ́ mú mi wọ igbó ọdẹ níbí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò jẹ́ kí n pe òun ní Bàbá, Eli ni ó ní kí n máa pe òun, nítorí náà bí o bá ń rí “ó” níbi tí ó yẹ kí n ti kọ “wọ́n,” má rò pé Amẹ́ríkà ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè dọdẹ mọ́, ó fún mi ní ìbọn rẹ̀. Ìbọn náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò sí ìsọ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn kan tí ó ti kú ló fi ọwọ́ ṣe é fún un ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ó wọn apá àti èjìká Eli kí ó tó gbẹ́ igi ìdí rẹ̀, bí télọ̀ ṣe ń wọn ènìyàn fún agbádá.

Joanna, ọmọ Eli obìnrin tí ń gbé ní Marietta, ló wá sọ pé iṣẹ́ ń gbé òun lọ sí Texas, àti pé kí oṣù Kọkànlá tó parí, òun máa kó bàbá òun dání. Eli kò bá a jà. Ó kàn pè mí, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́ kí òun tó lọ: kí n mú òun lọ sí oko ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú, níbi tí òun ti ń dọdẹ láti ọmọdé, kí òun jókòó tì mí, kí òun tún gbọ́ ohùn ìbọn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹran sì ṣubú. Mo ṣèlérí fún un. Sùlè, ọkùnrin yìí kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun rí láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀pá ìbọn náà, irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, ti jẹ tán nínú. Ní oṣù Kejì, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò, mo yìn ín sí pátákó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọta kan kàn án létí, àwọn tó kù gba ibi tó wù wọ́n lọ. Ìgbà náà ni mo bi ọ́ léèrè lórí WhatsApp bí Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ṣe máa ń mọ ọ̀pá tó dára nígbà tí wọ́n ń tún ìbọn àwọn ọdẹ Ṣakí ṣe. O dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà o ní kí n fi okùn wọn ìbọn mi láti ìdí dé ẹnu, kí n sọ gígùn rẹ̀ fún ọ. Kí n má purọ́ fún ọ, mo rò ó títí. Mo ní kí ni Sùlè fẹ́ fi gígùn ìbọn mi ṣe ní Ìbàdàn? Mo ní bóyá o ti bá ẹnìkan dá ọjà lé e lórí. Ojú ló tì mí tí mo fi sọ ọ́ fún ọ.

Mo lọ bá Miss Hephzibah, ìyàwó alágbẹ̀dẹ tí ó ṣe ìbọn náà. Òyìnbó obìnrin ni, arúgbó, tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló jogún sọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn kan ní òun gan-an ló ń ṣe é nígbà tí ọkọ ń gba ìyìn. Mo sọ fún un pé Damaris ti fi ìlà sílẹ̀ fún mi: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là, kò gbọdọ̀ lé, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan á sì mú ìdajì rẹ̀ lọ. Ó ní bí owó bá kéré, kí n má fi ra ẹ̀ṣọ́. Kí n má wá ọ̀pá tí wọ́n fín lára, kí n má sì wá irin tí kì í dípẹtà, nítorí bí mo bá ti ń fi òróró nù ún, irin lásán tó. Kí n rí i pé ihò rẹ̀ gba irú ọta tí Eli ń lò, pé àwọn ìlà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká ṣì mú dáadáa, kí gígùn rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ó ní inú rẹ̀ ni kí n rà, kí n má ra ìta rẹ̀. Ó tún ní bí mo bá rí tòkunbọ̀, kí n gbé e wá kí n tó sanwó, kí òun fi kámẹ́rà kékeré kan wo inú rẹ̀ fún mi.

Sùlè, ìwọ náà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún. “Gbé e wá kí n wò ó kí o tó sanwó.” Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Shittu, mẹkáníìkì mélòó ló wo páàtì tí oníbàárà rà níbòmíràn tí ó sọ pé ó dára? Gbogbo rẹ̀ ni kì í dára, àfi èyí tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tiwọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì pinnu pé kò ní rí owó mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìjọ wa wà ní Decatur. Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ìsìn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jìmí tọ̀ mí wá níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Marietta, òun náà sì ń dọdẹ. “Bọ̀dá Oyè, mo gbọ́ pé ẹ ń wá barrel,” ni ó wí. “Mo ní ọ̀kan, sir. Brand new, caliber yẹn gan-an. Two hundred, ẹ máa gbé e lọ, sir.” Tuntun irú rẹ̀ kì í dín ní irinwó dọ́là. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó fi nǹkan gígùn kan hàn mí tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ dì, tí òróró ti rin bébà náà, tí wọ́n fi okùn so, tí wọ́n sì kán ìda pupa sí ojú okùn. Mo nawọ́ kí n tú u. Ó yára dì í mú. “Ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ má tú u o. Ẹ gbé e lọ fún Miss Hephzibah bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa tú u nínú shop ẹ̀.”

Ẹrù tí wọ́n bá ní kí a má tú! O rántí fóònù tí ìwọ àti èmi dá owó rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó wọ kóòtù, tí ó ní kí a má ṣí páálí rẹ̀ títí a ó fi délé nítorí àwọn olè tí ń wò wá, tí a sì bá ọṣẹ ìfọṣọ méjì nínú rẹ̀. O fi tìrẹ fọ aṣọ. Èmi kò lè fi tèmi fọ nǹkan kan fún ìbínú, eku ló jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Mo bi Jìmí pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ń yẹ̀ lójú mi. Ó ti pè mí ní “sir” lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní bí irin yẹn kò bá jẹ́ ayédèrú, a jẹ́ pé olè ló jí i, bí kò bá sì jẹ́ olè, a jẹ́ pé páìpù omi ló wà nínú bébà. Mo ní n ó rò ó wò.

Kì í ṣe pé mo pè é ní olè lójú ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún àwọn ọkùnrin méjì kan tí wọ́n ń dọdẹ nínú ìjọ pé bí Jìmí bá gbé irin kan tọ̀ wọ́n wá, kí wọ́n ṣọ́ra. O mọ bí “ẹ ṣọ́ra” ṣe ń rìn nínú ìjọ. Kì í wọ bàtà, kì í sì í sùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo rí tòkunbọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pàdé ẹni tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan. N kò mọ ọ́n rí, kò pè mí ní sir, kò fẹ́ràn mi, kò kórìíra mi. Irin náà wà ní ìhòòhò lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti ha díẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo wo inú rẹ̀, ó ń dán. Mo fi èékánná kàn án bí Bàbá rẹ ṣe kọ́ wa, ó dún gooro. Iye tí ó pè é sì ni igba dọ́là, iye kan náà pẹ̀lú ti Jìmí. Tuntun tí a dì, tàbí tòkunbọ̀ tí ojú mi rí. O mọ èyí tí mo máa mú. Ṣé kì í ṣe Ọ̀gá Shittu ló kọ́ wa pé tuntun tó bá pọ́ọ́kú, ayédèrú ni, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ti jìyà rí, kò sì kú? Mo sanwó níbẹ̀, n kò kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Miss Hephzibah. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé sọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi kámẹ́rà kékeré náà bọ inú rẹ̀, ó sì yí ojú tẹlifíṣọ̀n sí mi. Níbi tí ọta ti ń gbéra, inú irin náà ti sán bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn gbẹ. Ó ní ẹni tó lò ó ti yìn ín títí ó fi gbóná jù, inú rẹ̀ ti jóná, kò ní ṣe déédéé mọ́. Ìwọ wò ó, kí ni mo rò? Mo rò pé ta ló sọ fún mi pé inú irin tèmi ni mò ń wò? Ṣé a kò rí àwọn mẹkáníìkì tí ń fa púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú yọ láti inú àpò, tí wọ́n á ní inú ọkọ̀ oníbàárà ni àwọn ti yọ ọ́? Mo ní kó bá mi fi í sí i bẹ́ẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò mí. Ó ṣe iṣẹ́ náà, ó gba owó iṣẹ́ nìkan.

Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọta méjì àkọ́kọ́ bá pátákó láàárín. Bí irin ṣe ń gbóná, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ṣí igbó fún oníbọn ní oṣù Kẹwàá, mo lọ gbé Eli láàárọ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí òfin ní kí ọdẹ wọ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó ti gbé ife kọfí rẹ̀ dání bí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé. Mo fi ìjókòó méjì sí abẹ́ igi páìnì ní oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì ń sọ ohun tí mo bá rí fún un ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tó wákàtí méjì kí àgbọ̀nrín ńlá kan tó jáde, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, ó dúró, bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. Eli di apá mi mú, ó tún fi í sílẹ̀. Mo fojú sùn ún, mo yìn ín. Èèpo igi fò. Ẹran ti lọ.

Eli tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní igi ni òun gbọ́, òun kò gbọ́ ẹran.

Nínú ọkọ̀, ó bi mí pé ta ló yan ọ̀pá náà. Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé ta ni mo fọ̀rọ̀ lọ̀. Mo ní n kò fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, nítorí n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé títí a fi délé, bẹ́ẹ̀ kò lè rí ohun tó wà níta. Mo ti jẹ̀bi rí láyé mi, Sùlè, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gùn.

Mo padà sọ́dọ̀ Miss Hephzibah pẹ̀lú ojú tí mo fi bá a jiyàn. Mo ní kó bá mi wá òmíràn, kó dárúkọ iye tó bá fẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rìn lọ sí orí pẹpẹ, ó sì gbé nǹkan gígùn kan wá nínú bébà aláwọ̀ ilẹ̀, okùn lára rẹ̀, ìda pupa lójú okùn. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ló ṣe é fún ọmọkùnrin kan láti ìjọ mi nígbà òtútù tó kọjá, ọmọ náà san owó rẹ̀ tán pátá, ṣùgbọ́n ó ti gbé e padà wá pé kí òun bá a wá ẹni tí yóò rà á. Mo bi í pé ta ló wá ní kí wọ́n má tú u. Ó ní òun ni. Gbogbo ẹni tó bá rà lọ́wọ́ òun ni òun ń sọ ọ́ fún, nítorí òógùn ọwọ́ ènìyàn ń jẹ irin lásán tí kò tíì wọ ìdí ìbọn. Ó fi ọ̀bẹ gé ìda náà níṣojú mi, ó ti kámẹ́rà bọ inú irin. Ìlà inú rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí Jìmí fi ń tà á. Ó ní kí n lọ bi Jìmí.

Ilé Jìmí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Decatur. Ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá, ló ṣílẹ̀kùn fún mi, oyún rẹ̀ ti ń sún mọ́ àsìkò. Jìmí ní kó lọ jókòó, ó sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Bọ̀dá, wọ́n ti gé shift mi láti July,” ó ní. “Two days a week ni mo ń ṣe báyìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní church, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún mi. Gbogbo àwọn tí mo fi barrel yẹn hàn, wọ́n kàn ń sọ pé àwọn á get back to me. Ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá.”

Mo lè gbé e mì. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kí àwọn méjì yẹn ṣọ́ra. Mo sọ ohun tí mo rò nípa irin rẹ̀ fún un, títí kan ti páìpù omi. “Bọ̀dá,” ó ní, “ṣé torí paper?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí bébà. Kò bú mi. Ó ké sí Mojísọ́lá pé kó bu oúnjẹ fún mi. Kí n má tàn ọ́, mo wo oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ṣíbí. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n èmi ti mu ún ju ìwọ̀n lọ.

Irinwó dọ́là ni mo san fún un, kì í ṣe igba. Damaris ló fi owó àjọ rẹ̀ kún un nígbà tí mo rò fún un, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di ẹrù ilé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo lọ bá àwọn ọkùnrin méjì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kó “ẹ ṣọ́ra” mi nílẹ̀. Ó ṣòro láti kó ju láti dà á sílẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń wò mí bí ẹni pé Jìmí ti fún mi ní nǹkan jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, ọjọ́ mẹ́fà kí Joanna tó gbé e lọ, Eli àti èmi tún jókòó sábẹ́ igi páìnì kan náà. Ó ti rù sí i. Òtútù mú débi pé mo fi aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbọ̀nrín tó jáde lọ́jọ́ náà kò tó ti àkọ́kọ́, abo ni, ó sì jìnnà jù ú lọ. Mo dúró títí mo fi mí dáadáa, mo yìn ín. Kí n tó gbẹ́nu sọ ohun tí mo rí, Eli ti ní, “Òun nìyẹn.” Ẹran kò rìn ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo mú Eli lọ́wọ́ dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ìbọn fún òun. Ó di ọ̀pá náà mú níbi tí ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Mo sunkún, kò rí mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ó gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Joanna gbé e lọ sí Texas pẹ̀lú ẹran nínú kúlà.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí àárín ìwọ àti èmi.

Nígbà tí Modinat gbé ẹrù rẹ wá ní oṣù Kẹrin, ó ní, “Bọ̀dá, wọn ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi o. Wọ́n ní kí ẹ má tú u títí ìbọn yín á fi dáa.” Sùlè, n kò tú u. Kì í ṣe nítorí pé mo gbọ́ràn. Mo gbé e sẹ́yìn àwọn táyà àtijọ́ nínú gáréèjì, mo sì fi nǹkan bò ó. Mo rò pé bóyá oògùn ìbọn kan ni, tàbí ohun tí àwọn aṣọ́bodè ń wá kiri, tí wọ́n á tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ilé mi. Mo rò pé o fẹ́ fi mí gbé ẹrù. Ìwọ tí o fi ọṣẹ tìrẹ fọ aṣọ mi nígbà tí mo ń bínú! Nígbà tí o bi mí pé ṣé ó gbà á, irọ́ ni mo pa fún ọ, n kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù náà, n kò sì mọ ohun tí ó yẹ kó gbà.

Lánàá ni mo tú u. Àpò ìbọn ni mo bá níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ rán an, okùn awọ lára rẹ̀. Mo yí i padà, mo sì rí ibi tí iná ti jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò kékeré mẹ́ta, mo sì mọ aṣọ náà. Gbérí tí Bàbá rẹ máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́ lágbẹ̀dẹ ni. Èmi ni mo fẹ ẹwìrì ju bó ti yẹ lọ lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣẹ́ná fò lù wọ́n, tí wọ́n ní kí n má sunkún, pé aṣọ ni, kì í ṣe ara. Ìdí nìyẹn tí o fi ní kí n fi okùn wọn ìbọn. O gé aṣọ Bàbá rẹ fún mi, èmi sì fi í sẹ́yìn táyà fún oṣù méje.

Mo mú ìbọn, mo tì í bọ̀ ọ́. Ó wọ inú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, kò ṣẹ́kù, kò lé. Òórùn èédú ṣì wà nínú aṣọ náà. Sùlèímọ́nù, ó gbà á. Ìsinsìnyí ni mò ń dá ọ lóhùn ìbéèrè rẹ. Jọ̀wọ́, foríjì mí.

Bá mi kí Ìyá, má sọ èyí fún wọn, wọ́n á ṣépè fún Amẹ́ríkà. Kí ìyàwó rẹ fún mi, kí àwọn ọmọ, kí ẹni tó bá kù nínú àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́. Modinat ń ṣe dáadáa, ó jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mojísọ́lá ti bí ọkùnrin láàárọ̀ àná, Jìmí sì ní èmi ni kí n wá gbé ọmọ náà jáde lọ́jọ́ ìkómọ. N kò bi í pé kí ló dé.

Bí o bá tún fẹ́ rán ẹrù sí mi, kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kí n má tú u. Lójú Modinat, lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó bọ́ bàtà, ni n ó ti tú u.

                                                  Èmi ni tìrẹ tí ìfura fẹ́ẹ́ pa,
                                                  Oyèwùmí